Akápò wa ò jalè o, àmì ìdọ́gba méjì ló kó bá a

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mi ò kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn rí láyé mi, kíkà ni mo máa ń kà, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi fún bí oṣù méjì báyìí, mi ò lè gbé e mì, mi ò sì lè tu ú dànù. Ó máa gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á. Obìnrin kan wà tí wọ́n pè lólè ní gbangba, níwájú ọmọ ẹ̀, kì í sì í ṣe olè, ohun tó kó bá a ò ju àmì méjì tí ẹnì kan tẹ̀ sínú kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n ń kọ fún kọ̀ǹpútà, lọ. Èmi ni mo kọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà ládùúgbò wa, ₦5,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Ìwé ńlá la fi ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, akọ̀wé á máa fi rúlà fa ìlà sí i, kí òjò tó wọlé bà á jẹ́ lọ́jọ́ kan. Ni ọmọ kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi bá ní òun á bá wa ṣe áàpù, ọmọ náà mọ̀wé, ó ń ṣiṣẹ́ kára, Java, ọ̀kan lára àwọn èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, ló fi kọ ọ́, a fi èèyàn 20 dán an wò, ó ṣiṣẹ́, a kó gbogbo àwa 96 sí i, ó ṣiṣẹ́ fún odindi ọdún kan, kọ́bọ̀ ò sọnù. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, a gba mẹ́ńbà tuntun, 45 ló wọlé lẹ́ẹ̀kan, a wá di 141. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn lọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ.

Àwọn kan yẹ owó wọn wò lórí fóònù, òdo ni wọ́n rí. Oṣù mẹ́ta, òdo. Wọ́n ní àwọn san án, wọ́n mú rìsíìtì wá, akápò fúnra ẹ̀ ló buwọ́ lù ú. Akápò ní bẹ́ẹ̀ ni, òun gbà á, òun sì tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù lójú wọn. Áàpù ní òun ò rí nǹkan kan. Àwọn 14 ni, tí ẹ bá ṣírò ẹ̀, ₦210,000 nìyẹn. Ohun tó wá da epo síná ni pé nínú àwọn 45 tó wọlé, owó àwọn 31 pé pérépéré, àwọn 14 yìí nìkan ni tiwọn ò sí, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń gbé òpópónà kan ṣoṣo torí wọ́n jọ wá forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ni, àwọn èèyàn bá ní akápò mọ àwọn tó ń yàn, ó ní àwọn tí kò fẹ́ràn. Ẹnì kan dìde nínú ìpàdé ó ní kó lọ pọ owó olówó tó jẹ. Ọmọ ẹ̀ obìnrin jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni obìnrin yìí fi ń kọjá ládùúgbò tí àwọn èèyàn ń gbójú kúrò lára ẹ̀, kí ẹnì kan tó ronú pé ká lọ gba sìtéètìmẹ́ǹtì ní báǹkì. Owó pé. ₦210,000 yẹn wà ńbẹ̀, ọjọ́ tó ní òun san án náà ni báǹkì ní òun gbà á.

Akápò fúnra ẹ̀ ló gbé fóònù wá bá mi nílé, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, èmi ni mo ń tẹ̀ ẹ́, mi ò sùn.” Mo ní kó ka nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ àwọn mẹ́rìnlá náà fún mi, kì í ṣe orúkọ wọn, nọ́ńbà. Ó kà á: 128, 129, 130, títí dé 141. Kò sí ẹyọ kan tó wà lábẹ́ 128. Ara mi bù máṣọ. Ẹni tó bá ti fi Java jẹun rí, tó gbọ́ pé nǹkan ń ṣiṣẹ́ dé 127 tó wá kú ní 128, kò dìgbà tó bá ṣí kóòdù kó tó mọ ohun tó wà ńbẹ̀. Mo ṣí i ṣá. Níbi tí áàpù ti ń wá ẹni tó ni owó, ó ń mú nọ́ńbà tó wà lára owó, ó ń fi wé nọ́ńbà tó wà lára mẹ́ńbà, àmì ìdọ́gba méjì tó sún mọ́ra, ==, ló sì fi ń wé wọn.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ kó yé ẹni tí ò mọ kọ̀ǹpútà rárá, torí ọ̀rọ̀ owó ni, kò sẹ́ni tí kò kàn. Ká ní mo yá yín ní ₦1,000, ìwé owó kan báyìí, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa dá a padà ẹ wá fún mi ní ₦1,000 mìíràn. Ṣé mo máa wá ka nọ́ńbà gbọọrọ tí wọ́n tẹ̀ sára owó yẹn, kí n ní rárá o, èyí kọ́ ni mo fún yín? Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pé ₦1,000, ó tán. Àmọ́ ká ní ewúrẹ́ mi ló sọnù, tẹ́ ẹ wá fa ewúrẹ́ mìíràn wá, àwọ̀ ẹ̀ bá tèmi mu, ìwo ẹ̀ bá tèmi mu, ó tilẹ̀ ń ké bíi tèmi, màá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ewúrẹ́ mi ṣì sọnù. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀kan ní, ṣé òun gan-an nìyí? Ìkejì ní, ṣé ó dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀? Ìyá tó ń ta ata lọ́jà mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn bi ti àkọ́kọ́ àti ìgbà tó yẹ kéèyàn bi ìkejì, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Nínú Java, tí nǹkan méjì bá jẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní object, ìyẹn nǹkan tó ní àyè tiẹ̀ nínú mẹ́mórì, ìbéèrè ewúrẹ́ ni == máa ń bi. Ibi tí wọ́n so ó mọ́ ló ń wò, kò wo ìrísí ẹ̀. Tí wọ́n bá so wọ́n mọ́ èèkàn méjì, rárá ló máa sọ, kódà kí gbogbo ohun tó wà nínú wọn bára mu látòkèdélẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bi ìbéèrè owó, equals ló máa pè. Ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́ bi ìbéèrè owó, ti ewúrẹ́ ló tẹ̀.

Kí ló wá dé tó fi ṣiṣẹ́ fún odindi ọdún kan? Ibí yìí ló máa ń dùn mí jù. Nọ́ńbà lásán, èyí tí Java ń pè ní int, kì í ṣe object, iye ni == ń fi wé iye níbẹ̀, kò sí wàhálà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó nọ́ńbà sínú List tàbí Map, àwọn ohun tí Java fi ń kó nǹkan jọ, ó gbọ́dọ̀ wọṣọ, kó di object, Integer ni orúkọ aṣọ náà, láti Java 5 tó jáde ní 2004 sì ni Java ti ń wọ̀ ọ́ fún un fúnra ẹ̀, ẹni tó ń kọ kóòdù lè má mọ̀ pé wọ́n wọṣọ fún nǹkan kan. Àwọn tó ṣe Java wá rò ó pé àwọn nọ́ńbà kéékèèké ni gbogbo ayé ń lò jù, kí ló dé tá a ó máa rán aṣọ tuntun fún 5 nígbà mílíọ̀nù kan, wọ́n bá rán tàwọn nọ́ńbà láti -128 dé 127 sílẹ̀, 256 ni gbogbo wọn, iye tó gba inú báìtì kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè 100, 100 kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀ yẹn ni wọ́n á nà án sí i. Òfin èdè Java gan-an ló ní kó rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àṣìṣe. Tó bá wá di 128, àfi tí ẹnì kan bá lọ yí i padà, tuntun ni wọ́n á máa rán fún oníkálùkù.

Nítorí náà tí mẹ́ńbà 127 bá sanwó, bóyá ìbéèrè ewúrẹ́ lo bi, bóyá ti owó lo bi, èsì ò yàtọ̀, torí ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló wà nínú ọgbà. Tí mẹ́ńbà 128 bá san, ewúrẹ́ di méjì, áàpù ní òun ò rí ẹni tó ni owó yìí, ó fò ó, ó lọ sí ti ẹlòmíì. Kò pariwo. Kò kọ nǹkan pupa sójú fóònù. Ká ní ó pariwo lọ́jọ́ tí mẹ́ńbà 128 san owó àkọ́kọ́ ni, ìpàdé yẹn ì bá má wáyé.

Mo pe ọmọ náà. Ó wá, mo fi hàn án, kò jiyàn, ó kàn wojú mi ó ní, “Ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ́ wa lójú bọ́ọ̀dù.” Òótọ́ ló sọ. Àpẹẹrẹ tí mo máa ń kọ sójú bọ́ọ̀dù ni kí n fi orúkọ kan, ká ní Adé, sínú àmì ìfàyọ lẹ́ẹ̀mejì, kí n fi == sáàárín, kí n tẹ̀ ẹ́, Java á ní true, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, kíláàsì á ní ó yé wọn, a ó lọ síbòmíì. Ohun tí mi ò dúró ṣàlàyé ni pé ọ̀rọ̀ tó o bá kọ tààrà sínú kóòdù, Java máa ń kó wọn jọ síbì kan, Adé ìgbà méjì yẹn, Adé kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé oníbàárà ló tẹ Adé látojú fóònù ẹ̀, Adé mìíràn nìyẹn, == á ní false, ìyẹn rárá. Gbogbo àpẹẹrẹ tá a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ló bọ́ sí ibi tí ìbéèrè méjèèjì ti ní èsì kan náà, nọ́ńbà kékeré, ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú kóòdù, ọjọ́ tí wọ́n bá wá jáde síta tí owó èèyàn gidi dé ọwọ́ wọn ni wọ́n á tó pàdé ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe Java nìkan o. Python tí gbogbo ọmọ fi ń bẹ̀rẹ̀ báyìí, tí Guido van Rossum ará Netherlands gbé jáde ní 1991, yan tiẹ̀ lọ́nà tó dáa ju ti Java lọ lójú tèmi: == ni ìbéèrè owó, tó o bá fẹ́ ìbéèrè ewúrẹ́ wàá kọ is. Síbẹ̀ àwọn nọ́ńbà kan wà tí òun náà ti ṣe sílẹ̀, láti -5 dé 256 nínú Python tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, ọmọ tó bá fi is wé nọ́ńbà á rí True fún 256, á wá rí False fún 257 níbòmíì. Láti Python 3.8 tó jáde ní 2019 ló ti ń kìlọ̀ tó bá rí i pé o fi is wé nọ́ńbà tó o kọ tààrà. Kotlin tí wọ́n fi ń ṣe áàpù Android báyìí sọ == di equals, ó wá fi === ṣe ti ewúrẹ́. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ yẹn, torí JavaScript náà ní ===, kì í sì í ṣe iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, ti JavaScript ń kọ̀ láti sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà kó tó wé wọn ni, object méjì tí gbogbo inú wọn bára mu, == tàbí ===, JavaScript á ní wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ọmọ tó bá kọ́ àmì lórí, tí kò kọ́ ìbéèrè tí àmì náà ń bi, tó bá ti kúrò nínú èdè kan bọ́ sí òmíì, ó ti ṣìnà nìyẹn.

Ẹ wá wò ó, mo ti rò ó títí, mo rò pé èdè wa lè gba àwọn ọmọ yìí là, tá a bá lò ó dáadáa. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ́ wọn, Gẹ̀ẹ́sì ní same, same náà ló sì ń pe méjèèjì. Àmọ́ n ò fẹ́ pọ́n tiwa jù, torí “kan náà” tiwa náà ní ojú méjì. Tá a bá ní “ilé kan náà là ń gbé”, ilé ẹyọ kan ni, ilẹ̀kùn kan la jọ ń gbà wọlé. Tá a bá ní “aṣọ kan náà la wọ̀ lọ sí òkú bàbá”, aṣọ ẹbí ni, yáàdì tèmi wà lọ́rùn mi, tìrẹ wà lọ́rùn ẹ, tí epo bá ta sí tìrẹ, tèmi mọ́ tónítóní. Kan náà ti ilé ni ==, kan náà ti aṣọ ẹbí ni equals. Láti oṣù tó kọjá mo ti fòfin de “kan náà” nínú kíláàsì mi, ẹni tó bá fẹ́ sọ ti ilé á ní “òun gan-an”, ẹni tó bá fẹ́ sọ ti aṣọ á ní “ó dọ́gba”, wọ́n á sì kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ìbéèrè náà jáde lẹ́nu kí wọ́n tó fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Ẹ ò mọ̀ bí nǹkan ṣe yàtọ̀. Ọmọbìnrin kan tí ò tíì kọ kóòdù ju oṣù méjì lọ dá mi dúró lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní tísà, aṣọ ẹbí náà ńkọ́, ta ló ń sọ pé aṣọ méjì dọ́gba, ṣé àwọ̀ ni àbí bó ṣe nípọn tó àbí iye tí wọ́n rà á?

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Torí ìbéèrè tó yẹ kó tẹ̀ lé e gan-an nìyẹn. Java ò mọ ohun tó mú nǹkan méjì dọ́gba, ìwọ tó ṣe nǹkan náà ló máa sọ fún un. Tó o bá dá kíláàsì tìrẹ sílẹ̀ nínú kóòdù, kì í ṣe kíláàsì ilé ìwé o, irú object kan tó o fúnra ẹ ṣe ni, ká ní Mẹ́ńbà, tí o kò kọ equals sí i, equals tó bá a níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ==, ìbéèrè ewúrẹ́ náà ni. O gbọ́dọ̀ jókòó kó o pinnu: ṣé tí nọ́ńbà wọn bá dọ́gba ó tó, àbí orúkọ gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú? Ó ní àwọn ìlànà tó ò gbọ́dọ̀ rú. Nǹkan gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ara ẹ̀. Tí mo bá dọ́gba pẹ̀lú ẹ, ìwọ náà gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú mi, má gbà á lápá kan kó o kọ̀ ọ́ lápá kejì. Tí mo bá dọ́gba pẹ̀lú ẹ, tí ìwọ dọ́gba pẹ̀lú ẹnì kẹta, èmi àti ẹnì kẹta dọ́gba nìyẹn. Tí nǹkan kan ò bá yí padà, èsì ò gbọ́dọ̀ yí padà. Kò sì sí ohun tó dọ́gba pẹ̀lú null, ìyẹn òfìfo.

Ìkan tó ń pa àwọn ọmọ jù ni hashCode. Tẹ́ ẹ bá kó nǹkan sínú HashSet tàbí HashMap, Java kì í tò wọ́n jọ gbuurugbu, inú àwọn àpótí ló ń pín wọn sí, hashCode ló sì ń sọ àpótí tí nǹkan á wọ̀. Tó o bá kọ equals tó ní Mẹ́ńbà méjì dọ́gba, tí o gbàgbé láti kọ hashCode tó máa bá a mu, ọ̀kan á wọ àpótí ìwájú, wọ́n á wá a lọ sínú àpótí ẹ̀yìn, wọn ò ní bá a, equals tó o jókòó kọ yẹn wọn ò tiẹ̀ ní dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Mẹ́ńbà kan á wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Láti Java 16 ní 2021 ohun tí wọ́n ń pè ní record ti ń kọ méjèèjì fúnra ẹ̀, mo sì ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n lò ó níbi tó bá bá a mu.

Àwa tá à ń bá owó lò tún ní tiwa lọ́tọ̀. BigDecimal ni wọ́n máa ń gba ni níyànjú pé kéèyàn fi ṣírò owó nínú Java, torí nọ́ńbà tó ní pọ́ìǹtì lásán, irú èyí tí Java ń pè ní double, kì í péye, ó ti dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi equals bi BigDecimal bóyá 5000.0 dọ́gba pẹ̀lú 5000.00, rárá ló máa sọ fún yín, torí òdo kan wà lẹ́yìn tàkọ́kọ́, méjì wà lẹ́yìn ìkejì, lójú equals tiẹ̀ wọn ò dọ́gba. compareTo lẹ máa pè, tó bá fún yín ní òdo, owó náà dọ́gba. Mi ò rò pé alájẹṣẹ́kù kan wà láyé tó máa gbà pé ₦5,000 méjì yìí yàtọ̀.

A tún áàpù náà ṣe, ìlà kan ṣoṣo la yí padà, == di equals, gbogbo owó àwọn mẹ́rìnlá jáde wá bí ẹni pé wọn ò lọ síbì kankan rí. Mo rò pé ó ti parí. Ọmọ iṣẹ́ mi wá ní òun ò fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà mọ́ lóun nìkan, kí áàpù máa wo orúkọ pẹ̀lú, kí wọ́n jọ bára mu kó tó gbà. Èrò náà dáa. Ọjọ́ kejì, mẹ́ńbà tó ń jẹ́ orúkọ tó ní Ọlá nínú ò rí owó ẹ̀. Equals la lò báyìí o, kì í ṣe ==. Ẹ wò ó lójú fóònù, Ọlá rèé, Ọlá rèé, kò sí ìyàtọ̀. A ní kí áàpù ka iye nǹkan tó wà nínú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́, 3. Ìkejì, 5.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin ìwé ìròyìn gan-an, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fetí sílẹ̀. Ọ tiwa, kọ̀ǹpútà lè kọ ọ́ bí ohun kan ṣoṣo, U+1ECC, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà náà mọ̀, ó sì lè kọ ọ́ bí O lásán kó wá fi àmì ìsàlẹ̀, U+0323, lé e lẹ́yìn. Á pẹ̀lú bẹ́ẹ̀, ọ̀nà méjì. Kíbọ́ọ̀dù fóònù kan lè ṣe tibí, ti kọ̀ǹpútà kan á ṣe tọ̀hún, ojú èèyàn ò lè mọ̀ ọ́n. Ọ̀ tó ní àmì ohùn lórí àti àmì nísàlẹ̀, ọ̀nà mẹ́rin ló ní, mo ti kà á. Equals ò mọ̀ pé Yorùbá ni, ó ń ka nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, tí iye wọn ò bá ti bára mu, ó ní rárá. Oògùn ẹ̀ wà: kẹ́ ẹ tó wé orúkọ méjì, ẹ kọ́kọ́ sọ àwọn méjèèjì di ìrísí kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní NFC, láti Java 6 ni Normalizer ti ń ṣe é, Python ní tiẹ̀, JavaScript ní tiẹ̀ láti 2015. A fi í síbẹ̀, Ọlá rí owó ẹ̀.

Àmọ́ ibì kan wà tí NFC ò lè gbà wá. Àwọn kan ń lo igi kékeré, U+0329, nísàlẹ̀ o àti e dípò àmì tó rí roboto, bí ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Lójú kọ̀ǹpútà, igi kì í ṣe àmì roboto, wọn ò lè dọ́gba láé, àfi kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín yí ọ̀kan sí ìkejì. Tí àwọn akọ̀ròyìn yín bá ń fi igi kọ Ọ̀yọ́ lónìí, tí wọ́n fi àmì roboto kọ ọ́ lọ́la, tí ẹni tó ń wá ìròyìn Ọ̀yọ́ wá tẹ tiẹ̀, ìdajì ìwé yín ló lè má rí. Ẹ bá mi bi àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà yín pé èwo ni wọ́n ń lò, ṣé wọ́n sì ń sọ ọ́ di ọ̀kan kí wọ́n tó wá nǹkan. Mo ṣe tán láti wá fi hàn wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́, tìfẹ́tìfẹ́ ni.

Ẹ̀yin tísà ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ bá ka lẹ́tà yìí, ẹ dákun, ẹ fi 127 sójú bọ́ọ̀dù, ẹ fi 128 tẹ̀ lé e, lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí ọmọ rí true, kó rí false, kó bi yín léèrè. Àwọn ohun èlò tí wọ́n fi ń kọ Java pàápàá máa ń fa ìlà sí irú == yẹn láti fi kìlọ̀, ọmọ tí wọn ò tíì sọ ìdí ẹ̀ fún á kàn máa fò ó ni.

Ní ti akápò wa, wọ́n ti lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Alága lọ, ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn nínú ìpàdé náà lọ, ó dọ̀bálẹ̀, mo wà ńbẹ̀, èmi náà sì bẹ̀ ẹ́ torí tèmi. Ó gbà, ó ní kò burú, ó kó gbogbo rìsíìtì tó kù jáde ó tò ó sórí tábìlì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n wá akápò mìíràn. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí. Ìròyìn pé ó jalè ti dé etí ìyá ọkọ ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọn ò pè é lórí fóònù látìgbà yẹn, ìwé ìròyìn yín ni wọ́n sì máa ń kà, ọmọ ọmọ wọn ló ń kà á fún wọn lálaalẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí.

Èmi ni,
Olùkọ́ kọ̀ǹpútà kan, Ìbàdàn